Òróró Ìléṣà Lára Apá Ọkọ̀ Òfurufú

Ẹ má bi mí bí mo ṣe dé Johannesburg. Mo wọkọ̀, mo sọ̀ kalẹ̀. Kì í ṣe ọ̀nà ló pa mí lára, ohun tí mo bá lọ́hùn-ún ni, àti ohun tí èmi fúnra mi ṣe níbẹ̀.

Òtútù ló kọ́kọ́ gbá mi létí. Kò sẹ́ni tó sọ fún mi ní Ìléṣà pé Áfíríkà kan wà tí omi inú báàfù ti máa ń dì ní oṣù kẹfà, tí ètè àti àtẹ́lẹwọ́ èèyàn á máa là bí ìgbà ọyẹ́. Mo gba yàrá kan lẹ́yìn ilé ẹnì kan ní Rosettenville. Ògiri ga, wáyà iná wà lórí ògiri, ajá sì wà lẹ́yìn wáyà. Nílé wa, kí èèyàn tó sọ̀ nínú ọkọ̀ tán, ará àdúgbò ti mọ ohun tó rà bọ̀. Níbẹ̀, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kọjá kí n tó rí ojú ẹni tó ń gbé ilé kejì. Mo kí i ní àárọ̀ ọjọ́ kan, ó yára fọwọ́ kan àpò rẹ̀ láti mọ̀ bóyá fóònù rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀. Ó bi mí níbi tí mo ti wá. Mo ní Nàìjíríà. Ó tún fọwọ́ kan àpò náà lẹ́ẹ̀kejì.

Yunifásítì ni mo ti kẹ́kọ̀ọ́ nípa irin àti oríṣiríṣi ohun èlò tí wọ́n fi ń ṣe ẹ̀rọ. Wọ́n ní kí n mú ìwé-ẹ̀rí wá kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò. Oṣù mẹ́jọ ni wọ́n fi ń yẹ ìwé kan ṣoṣo wò. Fún oṣù mẹ́jọ yẹn, mo ń kó páálí ní ṣọ́ọ̀bù ńlá kan ní Fourways, ọmọ tí mo lè bí sì ń pè mí ní "my guy". Bí Màámi bá pè, mo máa ń sọ pé mo wà ní ọ́fíìsì.

Nígbà tó yá, ilé iṣẹ́ kan lẹ́bàá pápákọ̀ òfurufú gbà mí. Apá ọkọ̀ òfurufú ni wọ́n ń ṣe níbẹ̀, pàápàá àwọn ẹ̀yà ẹ̀yìn apá tó máa ń ṣí wálẹ̀ nígbà tí ọkọ̀ bá fẹ́ balẹ̀. Kì í ṣe irin ni wọ́n fi ń ṣe é mọ́. Aṣọ dúdú kan ni, tí gọ́ọ̀mù ti wà nínú rẹ̀. À ń tẹ́ ẹ léra ní ìpele ìpele, a ó wá gbé e sínú ààrò ńlá tó ń tẹ̀ ẹ́ mọ́ra títí á fi le ju irin lọ, tí á sì fúyẹ́. Àmọ́ bí ìpele kan bá kọ̀ tí kò lẹ̀ mọ́ ìkejì, kódà kó má ju àtàǹpàkò lọ, inú òfurufú ni wàhálà rẹ̀ ti máa jáde. Nítorí náà, wọ́n máa ń yẹ gbogbo rẹ̀ wò kó tó kúrò nílẹ̀.

Ẹni tó ń yẹ̀ ẹ́ wò tẹ́lẹ̀ ni Màmá Nomsa. Ọmọ Zulu ni, ó ń gbé ní Tembisa, ó ti lé ní àádọ́ta ọdún, ó sì ti lo ọdún mọ́kàndínlógún níbẹ̀. Òòlù kékeré kan tí kò ju ṣíbí lọ ló ń lò. Á máa fi kan ara ẹ̀yà náà káàkiri, kó, kó, kó, á dẹ etí sí i. Níbi tó bá lẹ̀ dáadáa, á ró gooro. Níbi tí kò bá lẹ̀, á dún bíi páálí.

Oṣù kan náà ni èmi àti ẹ̀rọ tuntun kan tó ń yẹ iṣẹ́ wò dé. Apá irin gígùn ni ẹ̀rọ yìí, ó ń rìn fúnra rẹ̀ lórí iṣẹ́. Á máa tu omi tín-ín-rín sí i lára, á máa rán ohùn tí etí èèyàn kò lè gbọ́ gba inú omi náà kọjá, á sì ya àwòrán ohun tó bá níbẹ̀ sójú kọ̀ǹpútà. Ibi tó lẹ̀ á jẹ́ búlúù, ibi tí kò lẹ̀ á pọ́n. Màmá Nomsa ló sọ ọ́ ní Sangoma, orúkọ tí wọ́n ń pe àwọn aríran ilẹ̀ wọn, ó ní nítorí pé ó ń rí inú ohun tí ojú kò tó, owó tó ń gbà sì pọ̀.

Nítorí ìwé-ẹ̀rí mi, èmi ni wọ́n fi sídìí ẹ̀rọ. Wọ́n gba iṣẹ́ yíyẹ̀wò lọ́wọ́ Màmá Nomsa, wọ́n dá a padà sídìí tábìlì tí wọ́n ti ń tẹ́ aṣọ, níbi tó ti bẹ̀rẹ̀ lọ́dún mọ́kàndínlógún sẹ́yìn. Láàárọ̀, èmi àti òun á jọ tẹ́ aṣọ. Lọ́sàn-án, èmi nìkan á lọ jókòó ti Sangoma.

Màmá Nomsa wò mí ní àsìkò tíì lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́. "Ìwọ Naija, ṣé o mọ̀ pé àga mi lo jókòó lé?"

Mo ní, "Mà, iṣẹ́ ni mo wá, wọ́n sì fún mi."

"Eish. Bẹ́ẹ̀ náà ni gbogbo yín máa ń wí. Makwerekwere."

Orúkọ ẹ̀gàn tí wọ́n ń pe àwa àlejò aláwọ̀ dúdú nìyẹn. Mo ti gbọ́ ọ nínú tasí, mo ti gbọ́ ọ lọ́jà, kò sì dùn mí mọ́. Ṣùgbọ́n láti ẹnu ẹni tó lè bí mi lọ́mọ, ó dùn mí wọ egungun. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú, nígbà tí Màámi pè, mo sọ ọ́.

"Kí lorúkọ rẹ̀?"

"Nomsa, mà."

"Pè é kó ṣe kedere." Mo gbọ́ bó ṣe ń tú àpò rẹ̀ wá bírò.

"Nom-sa."

"Má dá a lóhùn, ọkọ mi. Fi í lé mi lọ́wọ́."

Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, òun ní í kó ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ọ̀rọ̀ ẹ̀dùn ọkàn lásán ni mo sọ. Màámi kọ ọ́ sínú ìwé àdúrà.

Oṣù méjì lẹ́yìn náà, obìnrin ará Ìjẹ̀bú-Jẹ̀ṣà kan tó ń ta aṣọ láàárín ìlú ti ilé dé. Ó ní kí n wá pàdé òun ní Newtown. Ìgò kékeré kan ló fún mi, wọ́n fi ọ̀rá wé e lẹ́ẹ̀mẹta, wọ́n wá kì í bọ inú ìbọ̀sẹ̀. Òróró ólífì tí Màámi fi rán an ni, tí pásítọ̀ ìjọ rẹ̀ gbàdúrà sí fún ọjọ́ mẹ́ta. Mo ṣí i níbẹ̀, mo sì gbóòórùn rẹ̀. N kò mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí mi, omi kàn dà lójú mi láàárín ọ̀nà. Kì í ṣe nítorí ìgbàgbọ́. Ọ̀rá dúdú yẹn ni, irú èyí tí Màámi máa ń tọ́jú sábẹ́ ibùsùn.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé kọ̀ọ̀kan, kí n tó kúrò nílé, mo máa ń fi díẹ̀ pa iwájú orí. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

*

Ọ̀sẹ̀ kan wà tí àwọn kan kó ara wọn jọ, tí wọ́n ní kí gbogbo àlejò kó ẹrù wọn. Wọ́n ń fọ́ ṣọ́ọ̀bù, tasí kò ná dáadáa, fídíò tó ń wọ fóònù wa kò ṣeé wò. Nígbà tí a ṣíwọ́ iṣẹ́, mo dúró lẹ́nu géètì, n kò mọ ibi tí mo fẹ́ gbà. Mọ́tò àtijọ́ kan dúró níwájú mi. Màmá Nomsa ló wà nínú rẹ̀.

"Wọlé, wena, ìwọ yìí."

"Mama, mò ń lọ sí Rosettenville."

"O ò lọ sí ibì kankan. Wọlé, kó o sì pa ẹnu ẹ dé. Bí o bá ti lanu pẹ́nrẹ́n, gbogbo ayé á mọ ibi tó o ti wá."

Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi sùn ní pálọ̀ rẹ̀ ní Tembisa. Ó sọ fún àwọn ará àdúgbò pé ọmọ àbúrò òun láti Limpopo ni mí, pé láti kékeré ni n kò ti lè sọ̀rọ̀. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi ya odi. Àwọn obìnrin tó wá kí i ń ṣàánú mi, ọ̀kan tilẹ̀ fún mi lẹ́ran. Lálẹ́ ọjọ́ kẹta, Màmá Nomsa rẹ́rìn-ín títí ó fi di ògiri mú. Ó ní, "Naija tí kò lè sọ̀rọ̀! Ọlọ́run mà tóbi o." Èmi náà rẹ́rìn-ín. Ó tó ọdún kan tí mo ti rẹ́rìn-ín bẹ́ẹ̀.

Láti ọjọ́ yẹn, òun ló ń bá mi ra magwinya wá láàárọ̀, ìyẹn búrẹ́dì dídín tó jọ pọfú-pọfú wa, àfi pé tiwọn tóbi. Ó kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń fi òòlù gbọ́ iṣẹ́. Ó ń pè mí ní ọmọ òun.

N kò sọ fún Màámi. Mo fẹ́ sọ ọ́ nígbà mélòó kan, ṣùgbọ́n bó bá ti gbé fóònù, ohun tó máa kọ́kọ́ bi mí ni "Nomsa yẹn ńkọ́?", ohùn rẹ̀ á sì ti múra ogun. Ìyá mi wà ní Ìléṣà, kò lè dáná fún mi, kò lè fọṣọ fún mi, kò lè jókòó tì mí bí ibà bá mú mi. Ogun àdúrà yẹn nìkan ló kù tó lè bá mi ṣe. Bí mo bá ní ọ̀tá ti di ìyá, kí ni yóò máa fi ọwọ́ rẹ̀ ṣe? Mo ní, "Ó ṣì wà níbẹ̀, mà." Kì í ṣe irọ́.

Bí ìgbé ayé mi ṣe rí nìyẹn. Mo ní ìyá méjì, n kò sì lè jẹ́ kí wọ́n mọ ara wọn. Níhìn-ín, wọ́n ń bi mí pé ìgbà wo ni mò ń lọ sílé. Bí mo bá dárúkọ àtiwálé, àwọn ará ilé á ní kí ni mo fẹ́ wá ṣe. Àjò ò dùn kí onílé má relé, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ẹni tó pa òwe yẹn kò sọ ohun tí onílé yóò ṣe bí ilé kò bá retí rẹ̀.

*

Nígbà òtútù tó tẹ̀ lé e, pámíìtì mi, ìyẹn ìwé àṣẹ tó jẹ́ kí n lè máa ṣiṣẹ́ níbẹ̀, fẹ́ parí. Kò sí bí wọ́n ṣe lè tún un ṣe láìsí lẹ́tà láti ibi iṣẹ́. Bí iṣẹ́ bá bọ́, pámíìtì bọ́, kí n máa bọ̀ nílé nìyẹn, sínú ilé tí mo ti sọ pé mo jẹ́ ẹni ńlá. Mo sọ èyí fún Màámi. Ó ní iwájú orí nìkan kò tó mọ́. Ó ní kí n máa gbé ìgò náà lọ, kí n máa fi pa àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì láràárọ̀, lẹ́nu ọ̀nà ibi iṣẹ́ gan-an, kí gbogbo ohun tí ọwọ́ mi bá kàn lè yọrí sí rere.

Mo ṣe é. Láràárọ̀, mo máa ń pa á lẹ́nu géètì, mo wọlé, mo pààrọ̀ aṣọ, mo fa ìbọ̀wọ́ yọ nínú páálí, mo sì wọ̀ ọ́.

Òfin wà lára ògiri: kò sí ìpara, kò sí lọ́fínńdà, kò sí òróró irun. Mo ti kà á. Èmi gan-an lè ṣàlàyé fún ọmọ yunifásítì ìdí tí òróró kì í fi jẹ́ kí gọ́ọ̀mù mú. Síbẹ̀, kò wá sí mi lọ́kàn rárá. Nínú ọkàn mi, ohun tó wà nínú ìgò yẹn kì í ṣe òróró. Àdúrà ni.

Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, Sangoma bẹ̀rẹ̀ sí í rí àmì pupa. Kékeré ni wọ́n, roboto, mẹ́ta níhìn-ín, mẹ́rin lọ́hùn-ún. Wọ́n da ẹ̀yà kan nù, wọ́n da ìkejì nù. Ọ̀gá wa, òyìnbó kan tó ń jẹ́ Deon, ní ẹ̀rọ ló bàjẹ́. Wọ́n pe àwọn tó ṣe ẹ̀rọ, wọ́n ní ẹ̀rọ kò ṣe nǹkan kan. Màmá Nomsa bá lọ mú òòlù rẹ̀ láti inú kọ́bọ́ọ̀dù, ó kàn án mọ́ ọ̀kan nínú àmì náà, ó tẹ́tí.

"Ìka ọwọ́ ni," ó wí. "Ọwọ́ ẹnì kan ló ní òróró."

Ó wo ọwọ́ ara rẹ̀. Òtútù ti la ọwọ́ rẹ̀ débi pé ẹ̀jẹ̀ ń yọ nínú rẹ̀, ó sì máa ń fi ìpara pa á ní àsìkò tíì. Ó máa ń fọ̀ ọ́ pẹ̀lú ọṣẹ kó tó padà wọlé. Mo ti rí i tó ń fọ̀ ọ́, ó máa ń gbo ó títí.

Ní ọ̀sán ọjọ́ yẹn, mo jókòó nìkan ti ẹ̀rọ, mo ń ṣí àwòrán wò láti ẹ̀yìn. Sangoma máa ń kọ ọjọ́ tí a tẹ́ aṣọ sí ìdí àwòrán kọ̀ọ̀kan. Mo dé orí ẹ̀yà kan tí àmì márùn-ún wà lára rẹ̀. Mo wo ọjọ́ rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ tí Màmá Nomsa lọ sin ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní Nquthu ni. Èmi nìkan ni mo tẹ́ ẹ.

Ọwọ́ tí mo fi òróró pa ni mo fi ń fa ìbọ̀wọ́ wọ̀, ara ìbọ̀wọ́ ló sì ń gbé e dé orí aṣọ. Mo bọ́ ìbọ̀wọ́, mo gbóòórùn ìka mi. Ìléṣà ni mo gbọ́.

*

Wọ́n yẹ kọ́bọ́ọ̀dù gbogbo wa wò. Ìgò mi wà nínú ìbọ̀sẹ̀, ìbọ̀sẹ̀ wà nínú bàtà. Kò sẹ́ni tó ki ọwọ́ bọ bàtà. Wọ́n rí ìpara Màmá Nomsa lójú gbangba níbi tó máa ń wà. Ilé àyẹ̀wò kọ̀wé pé òróró ni. Wọn kò sọ irú òróró tó jẹ́, kò sì sẹ́ni tó bi wọ́n.

Deon pè mí wọ ọ́fíìsì rẹ̀. Lẹ́tà pámíìtì mi wà lórí tábìlì níwájú rẹ̀. Wọ́n ti tẹ̀ ẹ́ tán. Kò tíì fọwọ́ sí i.

Ó ní, "Ìwọ lo wà pẹ̀lú rẹ̀ nídìí tábìlì. Ṣé o ti rí i rí kó fi ìpara pa ọwọ́?"

Mo wo lẹ́tà náà.

Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Ní àsìkò tíì."

Kò bi mí bóyá ó máa ń fọ̀ ọ́. Èmi náà kò sọ. Àwòrán ọ̀sẹ̀ ìsìnkú yẹn wà nínú kọ̀ǹpútà, ẹnikẹ́ni ló lè ṣí i, ṣùgbọ́n èmi ni mò ń ṣí àwòrán. Òótọ́ ọ̀rọ̀ ni mo sọ, òótọ́ náà sì ni mo fi ba ti ẹlòmíràn jẹ́. Ó fọwọ́ sí lẹ́tà mi kí n tó dìde.

Wọ́n ní kí Màmá Nomsa máa lọ, mo sì bá a níbi tó ti ń kó ẹrù rẹ̀ sínú àpò. Mo fẹ́ sọ ọ́. Mo ti la ẹnu.

Òun ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. "Má bínú, ọmọ mi. Mo rò pé mò ń fọ̀ ọ́ dáadáa. Mo mú kí wọ́n máa bú ẹ̀rọ rẹ."

Ọdún mọ́kàndínlógún, ó sì ń tọrọ àforíjì lọ́wọ́ mi.

"Kò sí wàhálà, Mama," ni mo wí.

Ó fún mi ní òòlù náà. "Tọ́jú ẹ̀. Ẹ̀rọ á bàjẹ́ lọ́jọ́ kan. Shap, ó dàbọ̀." Ó jáde, n kò sì sin ín dé géètì.

Ọjọ́ yẹn ni mo gbé ìgò òróró padà sílé, n kò sì mú un wá mọ́. Láti ọ̀sẹ̀ kejì, búlúù ni gbogbo àwòrán. Kò sí àmì pupa kan mọ́. Deon pe gbogbo wa jọ síwájú kọ̀ǹpútà, inú rẹ̀ dùn. Ó ní, "Ẹ wò ó. Ó lọ, ó tán. Ẹ̀rọ kì í parọ́." Àwọn tó kù mi orí. Èmi náà mi orí. Ẹni tó ta ọfà sókè, tó yí odó borí, bí ọba ayé kò rí i, tọ̀run ń wò ó. Mo máa ń gbọ́ òwe yẹn láti kékeré, n kò mọ̀ pé èmi ni wọ́n ń bá wí.

*

Pámíìtì dé, ọdún mẹ́rin gbáko. Màámi pè ní ọjọ́ Àìkú, ariwo àwọn akọrin ṣì ń lọ lẹ́yìn rẹ̀.

"Mo jẹ́rìí lónìí o! Mo ní obìnrin kan tó ń jẹ́ Nomsa dúró sójú ọ̀nà ọmọ mi, Ọlọ́run fi òróró wẹ̀ ẹ́ kúrò! Gbogbo ìjọ hó. Pásítọ̀ ní kí n tún un sọ."

"Màámi, obìnrin yẹn…"

"Ẹ̀n-ẹ́n?"

"Ó ṣe mí lóore nígbà kan. Ó gbà mí sílé."

Ó ní, "Ọ̀tá máa ń ṣoore, ọkọ mi. Bí wọ́n ṣe ń wọlé síni lára nìyẹn." Ó sì bẹ̀rẹ̀ orin, ó ní kí n gbè é. Mo gbè é.

Mo rí Màmá Nomsa lẹ́ẹ̀kan láti ìgbà náà. Ó ń din magwinya ta nítòsí ibùdó tasí ní Tembisa. Ó bi mí pé Sangoma ńkọ́. Mo ní ó wà dáadáa. Ó di mẹ́rin fún mi, ó kọ̀, kò gba owó. Inú tasí ni mo ti fẹ́ jẹ ẹ́, ṣùgbọ́n mo kó o fún obìnrin tó jókòó tì mí.

Wọn kò gba ẹlòmíràn sí ipò rẹ̀. Ẹ̀rọ kejì ni wọ́n rà, tó ń tẹ́ aṣọ fúnra rẹ̀. Nídìí tábìlì tí a ti ń rẹ́rìn-ín tẹ́lẹ̀, èmi nìkan ni mo kù, mò ń wo ẹ̀rọ méjì.

Lọ́jọ́ Ẹtì tó kọjá, Màámi pè ní àsìkò tíì. Mo wà ní yàrá tí a ti ń pààrọ̀ aṣọ, mo dojú kọ kọ́bọ́ọ̀dù Màmá Nomsa tí wọ́n ṣí sílẹ̀ báyìí. Ó ní ẹnì kan ń bọ̀ ní Johannesburg, pé òun ti tọ́jú ìgò mìíràn fún mi.

"Ta ló tún kù níbẹ̀ tó ń yọ ọ́ lẹ́nu? Dárúkọ rẹ̀, bírò wà lọ́wọ́ mi."

Mo ní, "Kò ku ẹnì kankan mọ́, Màámi."